RENÉ DESCARTES: ẸNI TÓ FI NỌ́ŃBÀ SỌ IBI TÍ NǸKAN WÀ

Ó lè ya yín lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni yóò sọ ìtàn onímọ̀ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọkùnrin yìí wà nínú àwòrán gbogbo mọ́tò tó ń kọjá nínú ọgbà wa lónìí.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ọdún 1596 ni a bí René Descartes ní ìlú La Haye, ní ilẹ̀ Faransé. Kò tí ì pé ọmọ ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ. Ara rẹ̀ kò le, nítorí náà àwọn àlùfáà Jesuit tó ń kọ́ ọ ní La Flèche gbà á láyè láti máa pẹ́ lórí ibùsùn láàárọ̀. Ní 1616 ó gboyè nínú ẹ̀kọ́ òfin ní Poitiers, ṣùgbọ́n kò ṣe lọ́yà. Iṣẹ́ ológun ló bá lọ sí ilẹ̀ Hólándì ní 1618. Ibẹ̀ ló ti pàdé Isaac Beeckman, ẹni tó ru ìfẹ́ ìṣirò sókè nínú rẹ̀.

Ní 1637, ó tẹ ìwé Discours de la méthode jáde ní Leiden. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, kì í ṣe Látìn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí àwa náà ń fi èdè abínibí wa ronú. La Géométrie wà nínú ìwé náà. Níbẹ̀ ni ó ti fi hàn pé a lè fi ìṣirò sọ bí ìlà ṣe tẹ̀, bí a bá ti wọn bí ó ti jìnnà tó sí àwọn ìlà mìíràn. Pierre de Fermat náà dá ronú kan irú ọgbọ́n yìí nígbà náà. Ní 1649, Frans van Schooten túmọ̀ La Géométrie sí Látìn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù: níbo ni òdo wà, apá ibo sì ni a ó kọjú sí? Ìṣirò kò lè dá èyí. Àdéhùn ló ń dá a. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya ara mọ́tò a máa fi òdo sí àárín táyà iwájú méjèèjì: x lọ sí ẹ̀yìn, y sí ọ̀tún, z sí òkè. Àwọn tó ń ṣírò bí mọ́tò ṣe ń rìn ní ìlànà ISO 8855: x sí iwájú, y sí òsì, z sí òkè. Ìlànà SAE àtijọ́ ti Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kọ z sí ìsàlẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé nọ́ńbà ayàwòrán fún aṣírò láìsọ ìlànà tí a lò, ilẹ̀kùn ọ̀tún yóò di ti òsì, iwájú yóò sì di ẹ̀yìn.

Ayé Descartes kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Francine, ọmọbìnrin rẹ̀, kú ní 1640 ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ní 1649, Ọbabìnrin Christina pè é sí Stockholm. Agogo márùn-ún ìdájí ni ó ń fẹ́ ẹ̀kọ́, nínú òtútù, lọ́dọ̀ ẹni tí kì í tètè jí. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, 1650, ní ọmọ ọdún 53. La Haye ti ń jẹ́ Descartes láti 1967.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì, a bọ́ sí ọ̀tún. Àǹfààní rẹ̀ ni pé gbogbo wa jọ ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọtọ́ 1974 rí fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ́kọ́ sọ ibi tí a ti ń wọn nǹkan, kí a tó bá ara wa jiyàn.