Dókítà Tó Ń Tẹ Dùùrù: Ìtàn Albert Schweitzer

Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí mo yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà wò tán, àwa bíi mẹ́fà jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ sì dé orí iṣẹ́. Kò sí ẹni tí kì í ṣe dọ́bù nínú wa. Mo wá bi wọ́n pé kí ni kálukú fẹ́ràn láti máa ṣe kó tó dé ìlú òyìnbó. Gbogbo wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹnìkan ti ń lu gángan rí, ẹnìkan a máa kun àwòrán. Èmi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti fi í sílẹ̀. Gbogbo wa la ní ìdáhùn kan náà: àyè kò sí.

Nígbà tí mo délé, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì láyé àtijọ́ kò ní ṣàìgbọ́ orúkọ rẹ̀.

A bí Albert Schweitzer ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1875 ní Kaysersberg, ní agbègbè Alsace, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, tó sì jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé lónìí. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀, abúlé Günsbach ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní dùùrù. Nígbà tó pé mẹ́jọ, ó bọ́ sídìí dùùrù ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ló ti ń tẹ̀ ẹ́ nínú ìsìn bí ẹni tó ni iṣẹ́ náà kò bá lè wá.

Ìwé náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ yunifásítì Strasbourg ní 1893, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1899, ó di oníwàásù àti olùkọ́. Ó tún ń lọ sí Paris lọ kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ Charles-Marie Widor, àgbà nínú iṣẹ́ náà, tí òun náà ní kó kọ ìwé lórí orin Bach. Ìwé náà jáde ní 1905.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Ní àkókò Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún 1896, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn pé títí òun yóò fi pé ọgbọ̀n ọdún, ìwé àti orin lòun yóò máa ṣe. Lẹ́yìn náà òun yóò fi ọwọ́ ara òun sin ọmọ ènìyàn. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni gbèdéke tó fi sí i. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń sọ pé tó bá yá, tó bá yá.

Ní 1904 ó ka nínú ìwé ìròyìn àwọn míṣọ́nnárì Paris pé wọ́n ń wá ènìyàn sí Gabon. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 1905, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn òbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Inú bí wọn. Widor rò pé ó ń fi ẹ̀bùn ńlá ṣòfò. Kò gbọ́. Ó ń kọ́ni, ó ń wàásù, ó ń tẹ dùùrù káàkiri, ó sì ń kàwé ìṣègùn mọ́ ọn. Owó tó gbà fún dùùrù tó tẹ̀ ní Munich ní 1911 ló fi san owó ìdánwò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyàwó rẹ̀, nítorí ẹlẹgbẹ́ mi ni. Helene Bresslau, ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n, lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí ìrìn àjò náà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1912. Ní oṣù kẹta 1913 wọ́n wọkọ̀ òkun ní Bordeaux, nígbà tó di àárín oṣù kẹrin wọ́n ti dé Lambaréné, létí odò Ogooué. Àwọn aláìsàn ti ń dúró dè wọ́n, ilé ìwòsàn kò sì sí. Ilé adìyẹ ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n ń lò. Helene ló ń tọ́jú irin iṣẹ́ àti aṣọ ìdiregbẹ́, òun náà ló ń fún ènìyàn ní oògùn oorun kí ọkọ rẹ̀ tó fi ọ̀bẹ kàn án. Joseph Azoawani, ọmọ ilẹ̀ náà tó ti ṣe kúùkù rí, ló ń túmọ̀ èdè. Láìsí Joseph, kí ni dókítà ì bá gbọ́ lẹ́nu aláìsàn?

Ẹgbẹ́ Bach ti Paris ti fún un ní dùùrù kan tó ní ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀, àpótí onísíńkì ni wọ́n sì fi gbé e. Ó ti kọ́kọ́ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé orin ti tán fún òun, kí ìka ọwọ́ òun kúkú gbàgbé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bó ti ń tẹ orin Bach, ó rí i pé wákàtí díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ tó. Kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́, kò sí ọjọ́ eré kankan tó ń lé e. Ó mú orin kọ̀ọ̀kan, ó ń bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀sán ti aláìsàn, alẹ́ ti dùùrù. Mo ti ro èyí lọ, ro ó bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Kò ní àyè jù wá lọ. Àyè kékeré tó ní kò já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ogun dé ní 1914. Nítorí pé ọmọ Jámánì ni wọ́n lábẹ́ ìwé, àwọn Faransé há wọn mọ́lé, nígbà tó di 1917 wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Faransé. Kò sí dùùrù níbẹ̀. Ó sọ tábìlì di ibi ìfọwọ́tẹ̀, ó sọ ilẹ̀ di ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀, ó ń kọ́ orin rẹ̀ lọ láìsí ohùn kankan.

Wọ́n bí Rhena, ọmọbìnrin wọn, ní 1919. Nígbà tí bàbá padà sí Lambaréné ní 1924, òun nìkan ló lọ, nítorí ara Helene kò le mọ́. Ilé ìwòsàn ti wó, igbó ti bò ó. Ó tún un kọ́, ní 1927 ó kó o lọ síbòmíràn tó fẹ̀ jù ú lọ. Dùùrù tó ń lọ tẹ̀ ní Yúróòpù wà lára ohun tó ń mú owó oògùn wá. Ní 1935 ó gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní All Hallows by the Tower ní London. Ẹ ṣèrò iye ọdún tí ìyá àti ọmọ fi jìnnà sí i. Àwọn tó ń yìn ín kì í sábà ka ìyẹn mọ́ ọn.

Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà ti ọdún 1952, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé fún àwọn adẹ́tẹ̀.

Mi ò ní fi ti ẹnu mi pamọ́. Ó ka ènìyàn dúdú sí arákùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò ló pè é, òun ni ẹ̀gbọ́n. Gabon gba òmìnira ní 1960, irú òmìnira bẹ́ẹ̀ kò sì yá a lára. W. E. B. Du Bois wà lára àwọn tó fi pẹ̀lẹ́tù bá a wí. Àwọn mìíràn ní ilé ìwòsàn rẹ̀ dọ̀tí, pé ẹbí aláìsàn ń dáná níbẹ̀, ewúrẹ́ ń rìn kiri. Ní ti ìdáná, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló fẹ́ wà lórí àìsàn láìrí ojú ará ilé rẹ̀? Ní ti àbúrò, mi ò sí níbẹ̀.

Helene kú ní 1957, wọ́n sì gbé eérú rẹ̀ lọ sin sí Lambaréné. Ọkọ rẹ̀ kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 1965, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, létí odò.

Àwọn akọrin ń pàdé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ti bẹ máníjà mi pé kó yọ orúkọ mi kúrò nínú iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà.