Willoughby Miller: Oníṣègùn tó rídìí kòkòrò tó ń jẹ eyín ọmọ

Tí ọmọ kékeré bá ń sunkún pé eyín ń dun òun, tí wọ́n sì rí ihò dúdú lára eyín náà, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà máa ń sọ ni pé kòkòrò ti jẹ ẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará Bábílónì náà gbà pé aràn kan ló máa ń wọ inú eyín lọ gbé. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn pé àwọn á bá wọn yọ kòkòrò náà jáde.

Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ojú lásán lè rí, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ yọ ọ́. Ẹni tó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ni Willoughby Dayton Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì.

Bó ṣe di oníṣègùn eyín

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1853 ni wọ́n bí Miller sí Alexandria, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio. Iṣẹ́ eyín kọ́ ló kọ́kọ́ wù ú. Ní Yunifásítì Michigan, ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì ló gbájú mọ́, ó sì gboyè jáde lọ́dún 1875. Lẹ́yìn náà ló sọdá òkun lọ sí Edinburgh, ó tún gba Berlin lọ, kó lè kàwé sí i.

Berlin ló ti pàdé Frank Abbot, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀ tó ń tọ́jú eyín níbẹ̀. Abbot ló fà á wọ inú iṣẹ́ náà. Miller padà sílé, ó lọ kọ́ ìtọ́jú eyín ní Philadelphia, ó sì di dókítà eyín lọ́dún 1879. Kò pẹ́ tó fi tún forí lé Berlin. Caroline, ọmọ Abbot, ló fi ṣaya, bí ọ̀gá ṣe di àna nìyẹn.

Àsìkò tó dé Berlin bọ́ sí i gan-an. Lọ́dún 1882, Robert Koch kéde nílùú náà pé òun ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọgbọ́n tí Koch ń dá láti ya irú kòkòrò kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, kó sì máa sìn ín, ni Miller gbé wọ inú ẹnu ọmọ èèyàn. Nígbà tó di ọdún 1884, Yunifásítì Berlin fi í ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Irú ipò bẹ́ẹ̀ kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ àlejò nígbà yẹn.

Búrẹ́dì, ẹran àti itọ́

Nígbà náà, àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò. Àwọn kan ní ásíìdì ló ń jẹ eyín, àwọn mìíràn ní kòkòrò ni. Miller ò bá wọn jiyàn, ó dán an wò ni.

Ó mú eyín tí wọ́n ti yọ lẹ́nu èèyàn, ó fi í sínú itọ́ tí wọ́n po búrẹ́dì mọ́, ó sì jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó yá, itọ́ náà kan, eyín tó le bí òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó tún un ṣe, ó fi ẹran dípò búrẹ́dì. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí eyín. Ó tún se itọ́ kó tó lò ó, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Lọ́tẹ̀ yìí, itọ́ ò kan.

Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé nǹkan méjì gbọ́dọ̀ pàdé: kòkòrò àìfojúrí, àti ṣúgà tàbí oúnjẹ tó ń di ṣúgà lẹ́nu. Kòkòrò yìí kì í gé eyín jẹ bí ìgbà tí kòkòrò ń jẹ àgbàdo. Ṣúgà ló ń jẹ, ásíìdì ló sì ń tú jáde. Ó fara jọ bí omi orí ògì ṣe máa ń kan tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Ásíìdì yẹn ló ń yọ́ ara líle tó bo eyín, títí ihò á fi lu. Lọ́dún 1890, ìwé tí Miller kọ lórí àwọn kòkòrò inú ẹnu jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ jáde lédè Jámánì.

Ohun kan ṣì kù. Tó bá jẹ́ pé gbogbo eyín ni itọ́ ń kàn, kí ló dé tó jẹ́ ojú kan péré ló máa ń lu? Bí ọdún 1900 ṣe ń sún mọ́lé ni Leon Williams àti G. V. Black ṣàlàyé pé ìdọ̀tí kan tó ń yọ̀, tó lẹ̀ mọ́ eyín, ni àwọn kòkòrò náà fi ṣe ilé. Abẹ́ rẹ̀ ni ásíìdì máa ń dúró sí. Ìdí rèé tí fífi omi yọ ẹnu nìkan kò fi tó, àfi kí wọ́n fọ eyín.

Michigan, níbi tí Miller ti kàwé, pè é wálé pé kó wá ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín wọn. Ó dé Amẹ́ríkà, àmọ́ ikú ò jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ náà. Appendix ló yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì kú ní Newark, ní Ohio, lọ́jọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1907. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kó pé ọmọ ọdún 54.

Ohun tó kan àwọn òbí

Lọ́dún 1924, J. Kilian Clarke ní Britain rí kòkòrò kan lára eyín tó ti lu, ó sọ ọ́ ní Streptococcus mutans. Òun wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ jù lónìí pé ó ń ba eyín ọmọdé jẹ́. Ó máa ń ti ẹnu ìyá tàbí alágbàtọ́ dé ẹnu ọmọ, bí ìgbà tí wọ́n bá ń lá ṣíbí ọmọ tàbí tí wọ́n ń bá a jẹ oúnjẹ lẹ́nu kí wọ́n tó fún un.

Nǹkan tó kù tí kòkòrò náà nílò ni ṣúgà, ọwọ́ wa ló sì ti ń rí i gbà. Tí ọmọ bá sùn lọ pẹ̀lú fídà lẹ́nu, wàrà tàbí ohun dídùn tó wà nínú rẹ̀ á máa wẹ eyín rẹ̀ mọ́jú, nígbà tí itọ́ tó yẹ kó fọ̀ ọ́ dànù sì ti dínkù. Bísíkíìtì àti mínírà tí ọmọ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ burú ju èyí tó jẹ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ lọ, torí pé gbogbo ìgbà tó bá fi kan ẹnu ni ásíìdì ń jáde.

Àwọn kan máa ń ní kò sí wàhálà, eyín tó máa já náà ni. Àmọ́ eyín 20 tí ọmọ kọ́kọ́ hù ló ń bá a di àyè mú fún eyín àgbà. Tó bá jẹrà, ọmọ ò ní lè jẹun, kò ní lè sùn, kòkòrò sì lè dé ọ̀dọ̀ eyín tó ń bọ̀ lábẹ́.

Látìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ ni kí ẹ ti máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Kó má ju ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan lọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kó tó hóró ẹ̀wà kan lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ máa ká ètè ọmọ sókè wò dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí àbàwọ́n funfun kan lẹ́bàá èrìgì, eyín ti ń yọ́ nìyẹn, àmọ́ kò tíì lu. Ó ṣì ṣeé dá padà nígbà yẹn, torí náà, ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà eyín.