Ralph Teetor, afọ́jú tí ó mú eré mọ́tò dọ́gba

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1890 ni a bí Ralph Teetor ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Hagerstown, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìdílé oníṣẹ́ irin ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún 1895, àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí ń rìn lórí ojú irin rélùwéè. Àwọn tí ń tọ́jú ojú irin ni wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ náà láti wo ibi tí irin ti bàjẹ́, kí ọkọ̀ má baà yẹ̀. Nítorí náà, kí Ralph tó mọ ìwé ni ó ti mọ ariwo òòlù àti òórùn epo.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 5, jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí i. Ọ̀bẹ kan yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gún un ní ojú kan. Ojú yẹn fọ́. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà tí ojú kejì pẹ̀lú fi kú, tí ọmọ náà kò sì rí nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin ọmọ lè béèrè pé, ọ̀bẹ kò kan ojú kejì, kí ló wá pa á? Àìsàn kan wà tí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ojú kan bá gba ọgbẹ́ tó jinlẹ̀, ara ẹni lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ojú tó kù jà bí ẹni pé ọ̀tá ni. Ní ìgbà náà kò sí oògùn tí ó lè dá a dúró. Lónìí oògùn wà, bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí nǹkan mímú bá gún ọmọ lójú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí a má ṣe dúró di ẹ̀yìn ọjà.

Bàbá àti ìyá Ralph sunkún bí òbí yòówù ti máa sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pinnu pé àwọn yóò tọ́ ọ bí ọmọ tó ríran. Wọn kò lé e kúrò nínú ilé iṣẹ́ ìdílé. Bí ó bá ṣubú, ó dìde. Bí ó bá fi orí gbá nǹkan, ó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ó sì yà á ní ọjọ́ kejì. Ó fi ọwọ́ tọ́ gbogbo irin inú ilé iṣẹ́ náà wò títí tí ó fi mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà àti ohun tí à ń fi í ṣe. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 12, òun àti ọmọ ẹbí rẹ̀ kan to mọ́tò kan jọ fúnra wọn, mọ́tò náà sì rìn. Ní ọdún 1902 ni èyí ṣẹlẹ̀, nígbà tí mọ́tò ṣì jẹ́ ohun àrà ní Amẹ́ríkà pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n dá ìtàn dúró díẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa bẹ ilé-ìwé wò ní Sokodé, ní Tchamba àti ní Kambolé. Bí mo bá ti ka orúkọ àwọn ọmọ inú kíláàsì tán, mo tún máa ń béèrè nípa àwọn tí ó wà nílé tí ẹnikẹ́ni kò mú wá. Nígbà míràn, ọmọ tí kò ríran wà lára wọn. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ìfẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì fi ń jẹ́ kí ó jókòó sí ìdí ògiri láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ó má baà ṣubú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí kò bá ṣubú rí kò lè mọ ilé tirẹ̀.

Ralph lọ sí ilé-ìwé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ sí yunifásítì, ó ní ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ni òun fẹ́ kọ́. Kò rọrùn rárá. Báwo ni afọ́jú yóò ṣe ka àwòrán ẹ̀rọ? Báwo ni yóò ṣe wọn irin? Yunifásítì Pennsylvania gbà á níkẹyìn. Ẹlòmíràn ni ó ń ka ìwé sí i létí, òun a sì fi orí gbà á. Ìṣirò tí àwọn yòókù ń kọ sórí ìwé, inú orí rẹ̀ ni ó ti ń ṣe é. Ní ọdún 1912 ó gba oyè ẹlẹ́rọ, ó sì padà sí Hagerstown láti bá ìdílé rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, iṣẹ́ kan wà tí ó dà bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi ogun. Nínú ẹ̀rọ àwọn ọkọ̀ yìí, irin ńlá kan wà tí ó ń yí pẹ̀lú agbára eérú omi gbígbóná, eré rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Ṣé ẹ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà rí, èyí tí ó ti gbó, tí gbogbo tábìlì ń gbọ̀n tìtì? Apá kan irin tó ń yí nínú rẹ̀ wúwo ju apá kejì lọ ni ó fà á. Bí irin ọkọ̀ ogun bá gbọ̀n bẹ́ẹ̀, yóò fọ́ ẹ̀rọ náà. Àwọn tó ríran ti gbìyànjú, kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ralph gbé ìka lé e, ó fi ìka mọ ibi tí ìgbọ̀n náà ti ń wá, ó sì wá ọ̀nà tí a fi lè mú kí irin náà dọ́gba.

Lẹ́yìn ogun, ilé iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ń ṣe òrùka irin tí ó máa ń yí písítìnì ká nínú ẹ́ńjìnnì. Bí òrùka yìí bá ti jẹ, ẹ́ńjìnnì a máa mu ọ́ìlì, èéfín búlúù a sì máa jáde lẹ́yìn mọ́tò. Ẹ̀yin náà ti rí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní ojú ọ̀nà Sokodé. Ilé iṣẹ́ náà wá ń jẹ́ Perfect Circle. Ní ọdún 1936, àwọn ẹlẹ́rọ mọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi Ralph Teetor ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 1946 ó di ọ̀gá àgbà Perfect Circle, ó sì wà ní ipò náà títí di ọdún 1957. Kò jẹ́ kí oyè gba irin lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko, ó ṣe àgádágodo, ó tilẹ̀ ṣe ohun tí a lè fi gbé ọ̀pá ìwọ̀ ẹja dúró, nítorí ó fẹ́ràn ẹja pípa.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jùlọ bẹ̀rẹ̀ nínú mọ́tò ẹlòmíràn. Agbẹjọ́rò kan, Harry Lindsey, máa ń fi mọ́tò gbé e kiri. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a dẹ̀, mọ́tò a sì fà sẹ́yìn. Bí ó bá dákẹ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì, ó tún tẹ̀ ẹ́, mọ́tò a sì fò síwájú. Ẹni tó ń wo igi àti ilé lójú ọ̀nà lè má fiyè sí i. Ralph kò rí igi, kò rí ilé. Inú ara rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ gbogbo ìrìn mọ́tò náà, ó sì ń mì ún síwá sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n sórí kẹ̀kẹ́.

Ogun àgbáyé kejì tún dé. Ní ọdún 1942, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí mọ́tò má ṣe sáré ju máìlì 35 ní wákàtí kan lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 56, kí epo àti táyà má baà tán. Ó ṣòro fún awakọ̀ láti máa wo eré rẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn kan ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn kan ń sáré, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì wà. Ralph rò ó pé bí eré gbogbo mọ́tò bá dọ́gba, jàǹbá yóò dínkù.

Ó fi ọdún tó pọ̀ ṣe é. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbà ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé yín. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ máa fì í yípo. Bí ẹ bá ń fì í kíákíá, okùn á nà jáde. Bí ẹ bá rọra fì í, òkúta á wálẹ̀. Nínú ẹ̀rọ Teetor, irin kéékèèké kan ń yí pẹ̀lú ọ̀pá tí ń yí táyà. Bí mọ́tò bá sáré, wọ́n á nà jáde bí òkúta yẹn. Sípíríǹgì kan ń tì wọ́n padà. Awakọ̀ á yí bọ́tìnì kan láti yan eré tó fẹ́, bọ́tìnì náà á sì mú sípíríǹgì le tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́. Bí mọ́tò bá dé eré tí a yàn, ẹ̀rọ kékeré kan á ti irin tí awakọ̀ ń tẹ̀ padà sókè, awakọ̀ á sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi nǹkan kún un tí ó lè di eré náà mú kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Bí ó bá fọwọ́ kan, tàbí kí n sọ pé bí ó bá fẹsẹ̀ kan ìjánu díẹ̀, ohun gbogbo á tú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1950, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ẹ̀rọ náà. Ó ti pé ọmọ ọdún 60. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n fún un kí wọ́n tó fi Speedostat sí i. Ní ọdún 1958, ilé iṣẹ́ Chrysler bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú àwọn mọ́tò olówó ńlá rẹ̀. Cadillac tẹ̀lé e, òun ló sì pè é ní cruise control, orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí. Régulateur de vitesse ni ẹ ó rí i nínú ìwé Faransé. Nígbà tí epo wọ́n gógó ní ọdún 1973, àwọn ènìyàn rí i pé mọ́tò tí eré rẹ̀ dọ́gba kì í jẹ epo púpọ̀, wọ́n sì ń wá a kiri.

Àwọn tí mọ́tò wọn kò ní i láti ilé iṣẹ́ tún fẹ́ ẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ta a lọ́tọ̀, nínú páálí, kí a lè fi kún mọ́tò àgbà. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ó wà lọ́nà wa jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó gba èbúté Lomé wọlé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sí mọ́tò àgbà, ohun mẹ́ta ni yóò so pọ̀. Yóò lẹ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ ọ̀pá tí ń yí táyà, kí àpótí náà lè máa ka eré. Yóò so okùn irin mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gba afẹ́fẹ́, kí àpótí lè máa fà á tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́. Yóò sì gba wáyà láti ibi iná ìjánu. Èyí ló ṣe pàtàkì jùlọ, nítorí òun ló ń tú eré sílẹ̀ nígbà tí ewu bá dé. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí àtijọ́, bí gílóòbù iná ìjánu bá ti jó, ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́ rárá, àwọn kan a sì máa tú gbogbo rẹ̀ wò lásán. Bí mọ́tò bá jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, wáyà mìíràn tún gbọ́dọ̀ wà níbi irin tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì yóò ké tòò bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ gbé mọ́tò dúró, wọ́n á tẹ ìjánu lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó jáde sí títì.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó yẹ fún un. Láti Lomé wá sí Sokodé ju kìlómítà 300 lọ, ibi tí ọ̀nà ti tọ́, tí ilé kò sì sí, ẹsẹ̀ awakọ̀ lè sinmi. Bí a bá kọjá Sokodé lọ sí àríwá, tí a dé òkè Aledjo níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ bí ejò láàárín àpáta, kí awakọ̀ pa á. Láti Sokodé lọ sí Tchamba, títí dé Kambolé lẹ́bàá ààlà Bénin, ewúrẹ́ wà, alùpùpù wà, ẹ̀yin ọmọ tí ń ti ilé-ìwé bọ̀ pẹ̀lú wà lójú ọ̀nà. Bí òjò bá sì ti rọ̀, a kì í lò ó níbikíbi, nítorí táyà tó ń yọ̀ lè mú kí àpótí náà rò pé eré ti yí padà.

Ralph Teetor kú ní oṣù kejì ọdún 1982, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 91. Hagerstown, ìlú tí wọ́n bí i sí, ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀. Ní ọdún 1988, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn àgbà inú iṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Marjorie, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé.