Ernest Okonkwo: Ohùn tó mú ará oko wọ pápá bọ́ọ̀lù

Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún lónìí, tó sì dàgbà sí abúlé tí kò sí iná mànàmáná, á rántí ọjọ́ tí Green Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n á ti sá bátìrì sóòrùn láti àárọ̀ kí agbára rẹ̀ lè padà díẹ̀. Wọ́n á gbé rédíò sórí àpótí lábẹ́ igi, àwọn àgbà á jókòó, àwọn ọmọdé á dúró yí wọn ká. Ohùn tí etí gbogbo wọn ń retí ni ti Ernest Okonkwo.

Ọmọ Ìgbò ni Okonkwo. Rédíò Nàìjíríà ló ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó sì sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká kò ju pé kó jókòó ní pápá ìṣeré, kó máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ojú ni ẹni tó wà ní pápá fi ń wòran. Ará oko kò ní ju etí lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ pápá ìṣeré kankan rí láyé wọn.

Àwọn asọ̀rọ̀ orí rédíò ìgbà náà, tí Okonkwo jẹ́ àgbà láàárín wọn, ní ọgbọ́n kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sọ ẹgbẹ́ tó wà lápá òsì rédíò yín àti èyí tó wà lápá ọ̀tún. Ẹ ò rí i pé rédíò fúnra rẹ̀ ti di pápá? Bí wọ́n bá ní bọ́ọ̀lù ń lọ sápá ọ̀tún, orí gbogbo ẹni tó jókòó lábẹ́ igi á yí sápá ọ̀tún. Ẹni tí kò mọ ìdí tí rẹfirí fi fọn fèrè á ṣì mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ìyẹn nìkan sì tó láti mú un jókòó títí eré á fi parí.

Ṣùgbọ́n ohun tí Okonkwo fi borí àwọn yòókù ni ìnagijẹ. Àwa Yorùbá mọ̀ pé ẹni tí a bá kì ni a máa ń rántí. Ọkùnrin tí kì í ṣe Yorùbá yìí mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ tó kàwé ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ti fi ìwé ṣírò rẹ̀ sílé kó tó wá, ló sọ ní Mathematical. Adokie Amiesimaka ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, ó sì di Chief Justice. Nígbà tí Yisa Sofoluwe dé ẹ̀yìn, ó di Dean of Defence. Agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá pọ̀ jù fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, gbogbo wọn ló wọ aṣọ kan náà, wọn ò sì fi ojú hàn lórí rédíò. Ìnagijẹ ló fún àlejò ní ohun tó lè dì mú. Ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀kọ, tí kò gbọ́ ju gúdù mọ́níìn lọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, á gbọ́ Mathematical, á sì mọ̀ pé ọmọ òun ti gba bọ́ọ̀lù. Èyí tí kò bá yé e, ọmọ ilé ìwé tó wà nítòsí á túmọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà gbàlejò ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó kún fọ́fọ́, Ààrẹ Shehu Shagari sì wà níbẹ̀. Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù méjì sáwọ̀n Algeria, Mudashiru Lawal gbá ẹ̀kẹta, Algeria ò rí ẹyọ kan gbá wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà gba ife náà. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ọmọ Ìgbò ti wà lára ohùn tí ìlú Yorùbá ń gbé rédíò jáde láti gbọ́, ọmọ Yorùbá ló sì ń kì.

Àwọn kan bú u pé àsọdùn pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, pé eré tó ń sọ dùn ju eré tó ń lọ lọ. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ àwọn tó sanwó wọ pápá gan-an máa ń gbé rédíò kékeré dání, wọ́n á máa fojú wo eré, wọ́n á sì fi etí gbọ́ ọ. Èmi ò rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó kórìíra àsọdùn. Lónìí, bí ẹni tuntun bá wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́fúsáìdì, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé kò ní padà wá mọ́. Okonkwo kì í dúró kí wọ́n bi í. Àlàyé ti wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ìbéèrè tó dé.

Ó kú ní ọdún 1990. Kò rí i nígbà tí Super Eagles tún gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994, kò sì sọ̀rọ̀ lórí ìdíje ife àgbáyé tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ní ọdún kan náà. Àwọn orúkọ tó fi sílẹ̀ kò bá a lọ. Títí di òní, Mathematical ni wọ́n ṣì ń pe Ọdẹ́gbàmí kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ gan-an. Nígbà tí Sofoluwe jáde láyé ní oṣù kejì ọdún 2021, Dean of Defence ni àwọn ìwé ìròyìn fi kéde rẹ̀.