Sapara Williams: Agbẹjọ́rò tí kò dákẹ́ ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òbí, bí ẹ bá ń gbé ní Ọ̀ṣòdì tàbí Ìsọlọ̀, ẹ mọ̀ pé ìbò ni a fi ń yan àwọn méjì tó ń ṣojú yín ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó. Láyé àtijọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Gómìnà Òyìnbó ló ń yan ẹni tó bá wù ú sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá díẹ̀ tó jókòó láàárín wọn ni Christopher Alexander Sapara Williams.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1855. Ó kọ́ nípa òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di amòfin ní Inner Temple lọ́dún 1879. Lọ́dún 1888 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó gboyè amòfin. Àbúrò rẹ̀ ni Oguntola Sapara, dókítà tó gbógun ti àrùn ìgbóná.

Lọ́dún 1901, ó wọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Lọ́dún 1904, ó dábàá pé kí wọ́n tún ààlà Àríwá àti Gúúsù pa, kí gbogbo àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá lè wà ní Gúúsù. Ìjọba kò ṣe é. Ìlọrin kò kúrò ní Àríwá. Lọ́dún 1905, ó lọ sí ìlú Òyìnbó, ó bẹ ìjọba ibẹ̀ pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ti ọdún 1909. Ìjọba gbé òfin kan wá tí wọ́n lè fi fìyà jẹ àwọn oníwèé ìròyìn tó bá bá ìjọba wí. Sapara Williams ta kò ó. Ó kìlọ̀ pé bí aláṣẹ tí ń tètè bínú bá dé lọ́la, yóò ka gbogbo ìbáwí sí ọ̀tẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí òfin náà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ẹ wò ó: gómìnà ló fún un ní àga, ó sì mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò borí. Kí ló dé tó fi sọ̀rọ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ó kú lọ́dún 1915. Lọ́dún 1923 ni àwọn ará Èkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yan aṣòfin mẹ́ta fúnra wọn, àwọn ọkùnrin tó ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni wọ́n sì gbà láyè láti dìbò. Nítorí náà, bí ẹ bá dàgbà tó ẹni ń dìbò, ẹ má fi tiyín ṣòfò. Ẹni tí yóò lè sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le ni kí ẹ yàn.