Bọ́lá Ìgè àti ìlérí iná ọdún 1999

Ẹ bi àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ní Adó-Èkìtì pé kí ni wọ́n rántí nípa Olóògbé Bọ́lá Ìgè, ohun méjì lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́: pé wọ́n yìnbọn pa á, àti pé ó ṣèlérí iná, iná ò sì dé. Ti àkọ́kọ́ ṣì ń dun èèyàn. Ti ìkejì la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, torí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lọ.

Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni. Ẹni tó bá mọ agbègbè Òkè-Mẹ̀sí dáadáa mọ̀ pé ìlú náà ò jìnnà sí ààlà Èkìtì rárá. Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Kàdúná ló ti ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí èdè Hausa fi já geere lẹ́nu rẹ̀. Ó ka Ibadan Grammar School, ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọjá sí London lọ kọ́ nípa òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1961. Kò ju ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ nígbà tí ìjà Action Group bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn Awólọ́wọ̀ ló sì dúró sí. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba, Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, mú un ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ọ̀gbìn láti 1967 títí di 1970. Ó ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ọ̀yọ́. Ológun padà dé, wọ́n tì í mọ́lé.

Ní 1999, Ìgè fẹ́ kí ẹgbẹ́ AD fa òun kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, ṣùgbọ́n Olú Fálaè ni wọ́n mú. Ọbásanjọ́ ti PDP ló wọlé, òun náà ló sì pe Ìgè wá ṣe mínísítà. Èyí dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn Afẹ́nifẹ́re, torí ẹgbẹ́ mìíràn ló ń ṣèjọba. AD ló ń ṣèjọba lọ́dọ̀ tiwa níbí, Níyì Adébáyọ̀, ọmọ ọ̀gágun tó mú Ìgè ṣe kọmíṣọ́nnà lọ́jọ́sí, sì ni gómìnà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Ìgè ni ti iná mànàmáná. Ó ṣèlérí fún ará ìlú pé kò ní pẹ́ tí Nẹ́pà á fi dára. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà á sí títí dòní.

Lójú tèmi, ibi tó ti ṣì í gan-an nìyẹn. Ó sọ̀rọ̀ kó tó ṣí ìkòkò wò.

Kí ló wà nínú ìkòkò náà? Ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 79, àmọ́ 19 péré ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn. Agbára tó yẹ kí wọ́n ní sún mọ́ mẹ́gáwáàtì 6,000. Ohun tó ń jáde ò ju nǹkan bí 1,750 lọ. Láti 1990 tí wọ́n ti parí Shiroro, ìjọba ò kọ́ ilé iṣẹ́ iná tuntun kankan mọ́. Omi ló ń yí ẹ̀rọ Kainji, Jebba àti Shiroro, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè mú nǹkan bí 1,900 wá bí gbogbo ẹ̀rọ wọn bá pé. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á fà. Gáàsì ni Egbin ń lò, òun nìkan sì tó 1,320. Ṣùgbọ́n gáàsì ọ̀hún ni wọ́n ń dáná sun lásán ní Niger Delta, torí pé kò sí páìpù tó máa gbé e dé ibi tó yẹ.

Owó tún wá ńkọ́? Ìjọba ló ń dá iye tí Nẹ́pà máa ta yúníìtì iná kan, iye yẹn ò sì tó ohun tí wọ́n ń ná kí iná tó jáde. Àwọn ọ́fíìsì ìjọba àti bárékè ń jẹ gbèsè. Ẹni tó ń tajà lówó tó kéré sí iye tó rà á, tí oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù kò sì sanwó, níbo ló ti máa rówó ra páàtì ẹ̀rọ? Bó bá ti burú báyìí lókè, ẹ mọ bó ṣe máa rí níbi tí wáyà parí sí. Èkìtì ò ní ilé iṣẹ́ iná ńlá kankan nígbà náà. Iná tó ń wọ Adó gbọ́dọ̀ gba Òṣogbo àti Àkúrẹ́ kọjá. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tàbí alẹ́lọ̀ tiwa, apá gbogbo èèyàn ti kàn án. Jẹnẹrétọ̀ ló kù, owó epo rẹ̀ sì ń wọ inú owó iṣẹ́ wọn.

Ohun kan tún wà tí agbẹjọ́rò bíi tirẹ̀ mọ̀ dáadáa. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi jà pé kí agbára má kó jọ sí àárín, kí ìpínlẹ̀ máa ṣe tirẹ̀. Òfin 1999 wá sọ pé ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ò bá dé nìkan ni ìpínlẹ̀ ti lè ṣòfin lórí ìpèsè àti pínpín iná. Nẹ́pà sì ni ohun tó kó jọ sí àárín jù nígbà náà. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ wá iná fúnra rẹ̀, tó bá Enron ti Amẹ́ríkà ṣàdéhùn ní oṣù kejìlá 1999 lórí ẹ̀rọ mẹ́gáwáàtì 270 tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀ ojú omi, Nẹ́pà náà ló ṣì gbọ́dọ̀ ra iná ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ iye owó rẹ̀ fa àríyànjiyàn gan-an.

Lọ́dún 2000 wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ìdájọ́. Iná ò tíì dára. Olúṣẹ́gun Àgágù ló padà wá bọ́ sórí àga náà, wọ́n sì dá ìparí 2001 fún mẹ́gáwáàtì 4,000. Níbi iṣẹ́ tuntun rẹ̀, Ìgè gbé gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní oṣù kejì 2001, kí ilé ẹjọ́ lè sọ ẹni tó ni epo inú òkun. Ẹ má gbàgbé pé Èkìtì náà wà lára àwọn tó pè lẹ́jọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò ní òkun! Ìjọba àpapọ̀ ló jàre ní oṣù kẹrin 2002. Ìgè ò sí láyé mọ́ láti gbọ́ ọ.

Alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kejìlá 2001, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí gbèdéke 4,000 yẹn pé, ni àwọn apànìyàn wọlé bá a ní Bódìjà, Ìbàdàn. Wọ́n mú àwọn kan lọ sí kóòtù, kò sí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Ìyàwó rẹ̀, Adájọ́ Àtínúkẹ́ Ìgè, kú ní 2003.

Òfin iná tuntun jáde ní 2005. Ní 2013 wọ́n ta Nẹ́pà ní wẹ́wẹ́, ilé iṣẹ́ tó fi Benin ṣe ibùjókòó ló sì gba Èkìtì mọ́ Ondo, Edo àti Delta. Ní 2023 ni wọ́n tó yọ ìdènà inú òfin 1999 kúrò. Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gba àkóso iná tiwọn, ní 2024. Ọdún yẹn kan náà ni yúníìtì kan fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún àwọn tó wà ní Band A. Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ fi oòrùn, omi tàbí gáàsì pèsè iná tà ní Èkìtì, Adó ló ti máa gba ìwé àṣẹ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti máa jiyàn lórí iye tí yúníìtì yóò jẹ́, tí àwa tó ń sanwó náà á sì lè bá wọn dá sí i.