Leo Frobenius

Leo Frobenius (ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1873 – ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1938) jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ṣe ìwádìí nípa àṣà àti ìtàn àwọn ènìyàn Áfíríkà. Òun ni òyìnbó tó kọ́kọ́ wa ilẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ láti wá ohun àtijọ́, ìwé rẹ̀ ló sì gbé òkìkí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ dé Yúróòpù. Ní ìlú Frankfurt, ilé ìwádìí kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀ràn Orí Olókun ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Berlin ni wọ́n bí i sí. Ológun ni bàbá rẹ̀. Kò gba ìwé ẹ̀rí tó lè gbé e wọ yunifásítì, kò sì ní oyè ìmọ̀ kankan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìfẹ́ ọkàn ló mú un wọ̀ ọ́. Ó ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bremen, Basel àti Leipzig, ó sì ń kó àwòrán àti àkọsílẹ̀ nípa Áfíríkà jọ kí ó tó di pé ó fi ojú rí ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1904 ló kọ́kọ́ débẹ̀, ní agbègbè Kasai ní Kóńgò. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Jámánì wà lára àwọn tó ń fi owó ran ìrìn-àjò rẹ̀ lọ́wọ́, ẹrù ni wọ́n sì ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn bí ó bá dé orí ọ̀rọ̀ Ifẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀

Ní ìparí ọdún 1910, Frobenius gba Ìbàdàn dé Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Carl Arriens ayàwòrán wà lára wọn. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n lò níbẹ̀. Kò sí lọ́wọ́ wọn irú ẹ̀rọ tó ń dún bí irin tàbí idẹ bá wà lábẹ́ ilẹ̀, èyí tí àwọn awá-ìṣúra ń gbé kiri lóde òní. Ẹnu àwọn ará ìlú ni Frobenius fi ṣe ẹ̀rọ. Ó béèrè, ó fún àwọn ènìyàn lówó, ó sì háyà àwọn alágbàṣe láti gbẹ́ kòtò ní Igbó Olókun, níbi tí àwọn ará Ifẹ̀ ti ń wa ilẹ̀ wá ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kí ó tó dé. Ó rí àwọn orí ère amọ̀ sísun àti ìkòkò tí gíláàsì yíyọ́ lẹ̀ mọ́ lára.

Èyí tó wù ú jù ni orí idẹ kan tó dé adé, tí wọ́n ń lò nínú ètùtù Olókun. Ó ní òun san pọ́n-ùn díẹ̀, òun sì fi ọtí òyìnbó kún un, nítorí náà òun ti rà á. Ohun tí àwọn ará Ifẹ̀ sọ yàtọ̀. Wọ́n fi ẹjọ́ sùn, Charles Partridge tí í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn sì pè é padà. Lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n pàṣẹ pé kí ó dá orí náà àti àwọn nǹkan mìíràn padà. Síbẹ̀, díẹ̀ lára àwọn ère amọ̀ náà dé Berlin.

Ohun tó kọ

Frobenius yin iṣẹ́ ọnà náà gan-an, ṣùgbọ́n kò gbà pé àwọn baba ńlá Yorùbá ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ sọ pé ó rì sínú òkun, ni wọ́n kó ọgbọ́n náà wá. Kò ní ẹ̀rí kankan. Ó yani lẹ́nu pé ìwé ọkùnrin kan náà wá di ohun ìwúrí fún Léopold Sédar Senghor àti Aimé Césaire nígbà tí wọ́n ń gbé iyì ènìyàn dúdú ga.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ọlọ́lá ní Yunifásítì Frankfurt ní ọdún 1932, ó sì kú sí Biganzolo ní ilẹ̀ Ítálì. Ní ọdún ikú rẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ já lu orí idẹ tó ju mẹ́wàá lọ. Nígbà náà ni gbogbo ayé rí i pé orí kan tí Frobenius rí kò dá wà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ní ọdún 1949, Leon Underwood àti Bernard Fagg kéde pé Orí Olókun tó wà ní Ifẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n dà nínú yanrìn. Àwọn onímọ̀ kan ti ta ko èyí láìpẹ́ yìí. Ní àárín àkókò náà, Wọlé Ṣóyinká wá ojúlówó rẹ̀ dé Bràsíl, ẹ̀dà lásán ló bá níbẹ̀.

Àwọn tó wa ilẹ̀ Igbó Olókun ní ọ̀rúndún yìí fara balẹ̀ ju Frobenius lọ. Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ níbẹ̀. Àyẹ̀wò wọn fi hàn pé ohun èlò àdúgbò ni wọ́n fi ṣe gíláàsì náà, kí òyìnbó tó dé etíkun. Ipele ilẹ̀ tí wọ́n ti rí nǹkan kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá hú u tà kò lè mọ̀ ọ́n.

Òfin ti wà lórí irú iṣẹ́ yìí báyìí. Òfin ọdún 1953, àti èyí tó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Àjogúnbá Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1979, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ẹ̀rọ tí ń wá irin ṣe eré ìgbafẹ́, tí wọ́n ń wá owó onírin àtijọ́ nínú oko tí onílẹ̀ bá yọ̀ǹda. Ẹni tó bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gun Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ìlú àtijọ́ wà lórí àpáta, tí UNESCO sì fi sínú àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n lè yàn ní 2007, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ kí ó tó gbẹ́ ohunkóhun. Kò dájú pé yóò rí owó àwọn ará ìgbàanì níbẹ̀ pàápàá. Owó ẹyọ ni wọ́n ná fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìkarahun inú òkun sì ni owó ẹyọ; ẹ̀rọ náà kò ní dún bí ó bá kọjá lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dún fún ère amọ̀ tàbí ìlẹ̀kẹ̀.